Pàjáwìrì tó ń ti ara họ́mọ́ọ̀nù wá: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, máa ń bi mí nígbà tí a bá jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, pẹ̀lú èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Kétu àti Ṣábẹ máa ń pè láti béèrè lórí fóònù nígbà tí aláìsàn ti wà níwájú wọn. Mo kọ ìdáhùn wọn ní èdè wa nítorí pé Faransé ni a fi kọ́ wa ní iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń sọ ibi tó ń dùn wọ́n. Ìwọ̀n oògùn tí mo dárúkọ jẹ́ ti àgbàlagbà, àyàfi níbi tí mo bá ti sọ pé ti ọmọdé ni. Àṣẹ dókítà àti ìlànà ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ló ṣíwájú ohun tí mo kọ.

Kí ni à ń pè ní pàjáwìrì họ́mọ́ọ̀nù?

Họ́mọ́ọ̀nù ni ìránṣẹ́ tí àwọn kókó kan nínú ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti darí bí ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìránṣẹ́ yìí bá pọ̀jù tàbí tó kéré jù, tí ara kò sì lè gbà á mọ́ra mọ́, ẹ̀mí lè bọ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí tí a ń rí jù ní ti ṣúgà ẹ̀jẹ̀, yálà ó já wálẹ̀ tàbí ó ga kọjá ààlà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti kókó tó jókòó lórí kíndìnrín, lẹ́yìn náà ni ti kókó ọrùn, èyí tí wíwú rẹ̀ ń jẹ́ gẹ̀gẹ̀. Ohun tó mú wọn léwu ni pé aṣọ àìsàn mìíràn ni wọ́n máa ń wọ̀ wọlé: wọ́n á jọ ibà, wọ́n á jọ rọpárọsẹ̀, wọ́n á jọ wèrè, wọ́n á jọ ọtí.

Ta ni ó yẹ kí á gún ìka rẹ̀ láti wọn ṣúgà kí á tó ṣe ohun mìíràn?

Gbogbo ẹni tí iyè rẹ̀ kò bá pé. Ẹni tó dákú, ẹni tí gìrì tàbí wárápá ń mú, ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lójijì, ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń bá ará ilé jà, ẹni tí wọ́n ní ọtí ló pa á, àti ọmọ ọwọ́ tí kò lè mu ọmú mọ́. Bí ọ̀nà tí ó ń gbà mí bá ti ṣí, tí ó sì ń mí, ìka ló kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé bàbá àgbàlagbà kan wá sẹ́nu ọ̀nà wa lórí zémíjàn, wọ́n fi ìró so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó wa ọ̀kadà náà, ọmọ rẹ̀ sì dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹnu bàbá ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra, ẹ̀wù rẹ̀ sì tutù rinrin bí ẹni tí òjò pa, bẹ́ẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọmọ rẹ̀ ń ké pé, «Ẹ gbà wá o, rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá mi.» Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀, a sì ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Kútọnu láti ya àwòrán orí. Òógùn tó wà lára ẹ̀wù yẹn ló dá mi dúró. Mo gún ìka rẹ̀, ẹ̀rọ sì kọ 0,31 g/L: ṣúgà rẹ̀ ti já wálẹ̀ pátápátá. A fa omi ṣúgà sí iṣan rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí bàbá fi gbé apá ọ̀tún yẹn sókè, tó fi nu ojú, tó sì ń bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló fi ìró so òun bí ẹrù. Láti ọjọ́ náà, èmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ rọpárọsẹ̀ létí mi kí n tó rí nọ́ńbà ṣúgà.

Kí ló dé tí nọ́ńbà ṣúgà tí aláìsàn mú wá láti Nàìjíríà kò jọ tiwa?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ààlà mọ ìdáhùn rẹ̀ lórí. Ní Benin, gíráàmù nínú lítà kan ni a fi ń kà á, a ó kọ ọ́ ní g/L. Ní Nàìjíríà, mg/dL (mílígíráàmù nínú dẹsílítà) tàbí mmol/L (mílímóòlù nínú lítà) ni wọ́n ń lò. Gíráàmù 1 nínú lítà dọ́gba pẹ̀lú 100 mg/dL, ó sì dọ́gba pẹ̀lú 5,5 mmol/L. Ará Àjàṣẹ́ ń gba Ìgolo kọjá, ará Kétu ń lọ sí Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ bí ẹni tó ń lọ sí àdúgbò kejì, wọ́n á sì ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà bọ̀ láti ibẹ̀, tàbí kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò wọn wá.

Ẹ wá wo ewu tó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ 3,0 ní mmol/L, 0,54 g/L nìyẹn: ẹni náà ti wà létí kànga. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ojú rẹ̀ ti mọ́ g/L yóò rò pé gíráàmù mẹ́ta ni, yóò sì fẹ́ fún un ní ínsúlíìnì, họ́mọ́ọ̀nù tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Mo ti rí i lójú mi tí ẹnìkan ti fa ínsúlíìnì náà sínú síríńjì tán, kí ẹlòmíràn tó bi í pé, «Àǹtí, kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn?» Nítorí náà, ẹ má ṣe ka nọ́ńbà láìka lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, ẹ má sì ṣe kọ nọ́ńbà sínú ìwé láìkọ lẹ́tà náà. Bí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín bá sọ ohun kan, ẹ fi tiyín tún un wọ̀n.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, LO túmọ̀ sí pé ó ti lọ sílẹ̀ ju 0,20 g/L lọ, HI sì túmọ̀ sí pé ó ti kọjá 6 g/L. Kò sí èyí tó jẹ́ àmì pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ fi omi fọ ìka náà kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó gún un, nítorí pé ará ilé ti lè fi oyin tàbí ṣúgà pa á lẹ́nu, tí díẹ̀ sì ti kan ìka rẹ̀. Oyin orí ìka lè mú kí ẹ̀rọ pe ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti tán ní ẹni tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ṣúgà ẹnìkan ti já wálẹ̀?

Bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 0,70 g/L, ó ti kéré. Bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ 0,54 g/L, ebi ti ń pa ọpọlọ. Ara ló kọ́kọ́ ń ké: ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kì-kì-kì, òógùn tútù á bo aláìsàn, ebi á sì máa pa á bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Lẹ́yìn náà ni ọpọlọ á wá máa ṣe ségesège: ojú á ṣú, ọ̀rọ̀ á máa lọ́, inú á máa bí i láìnídìí, gìrì lè mú un, ó sì lè dákú.

Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò. «Òòyì ń kọ́ mi», «ara mi ń gbọ̀n rìrì», «ojú mi ń ṣú», «ó dà bí ẹni pé wọ́n tú inú mi dà sílẹ̀»: bí ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá sọ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gún ìka rẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra láti ọ̀pọ̀ ọdún lè má gbọ́ igbe ara rẹ̀ mọ́, àti pé ẹni tó ń lo propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru lè má ní àyà tó ń lù tàbí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Òógùn nìkan ló sábà máa ń kù láti fi wọ́n hàn.

Kí ni kí n ṣe fún un?

Bí ó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní gíráàmù 15 ṣúgà: horo ṣúgà onígun 3 nínú omi díẹ̀, tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, nǹkan bíi 150 ml. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọ̀n ọ́n, bí kò bá tíì tó 0,70, ẹ tún fún un. Nígbà tó bá ti gòkè, ẹ fún un ní oúnjẹ tí yóò dúró nínú, bíi àkàsà tàbí búrẹ́dì, nítorí pé ṣúgà lásán kì í pẹ́ lára.

Bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe omi ṣúgà, ì báà ṣe epo pupa. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a gbà lọ́wọ́ ṣúgà tó já ni ohun tí wọ́n dà sí wọn lẹ́nu nílé ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí wọ́n á wá máa jìyà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ wá iṣan. Bí omi ṣúgà 30% bá wà, 40 sí 60 ml ni kí ẹ tì sí i díẹ̀díẹ̀ nínú iṣan ńlá tó dájú, nítorí pé tó bá jáde sí abẹ́ awọ yóò jó ẹran ara. Bí ó bá jẹ́ 10% ló wà, 150 sí 200 ml láàárín ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé omi 10% kọ́ kí ó máa kán. Níbi tí iṣan bá ti ṣòro, glucagon (họ́mọ́ọ̀nù tó ń gbé ṣúgà ga) 1 mg sínú ẹran ara lè ṣe é bí ó bá wà nínú àpótí oògùn yín, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ẹni tí ọtí sódábì ti jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Fún ọ̀mùtí, ẹ fún un ní thiamine (fítámì B1) pẹ̀lú ṣúgà náà.

Ó ti jí, ará ilé sì ń sọ pé àwọn fẹ́ máa lọ. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n lọ?

Bí ó bá jẹ́ pé glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí a ń gbé mì, tàbí oògùn tó jọ ọ́ ló lò, rárá. Oògùn yẹn máa ń dúró lára pẹ́, pàápàá lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀. Ṣúgà tí ẹ fà sí i á tán, oògùn á ṣì wà níbẹ̀, á sì tún fà á wálẹ̀ ní àárín òru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ó kéré tán, wákàtí 24 ni kí ó wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ máa wọn ṣúgà rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé owó ibùsùn ń wọ wọ́n lára, mo sì mọ̀ pé ìyàwó bàbá fẹ́ lọ dáná. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ẹ sì ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn ilé wá nínú àpò, pẹ̀lú èyí tí wọ́n rà lórí àtẹ lójú pópó, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ óò bá hóró tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ti ọmọdé tí gìrì ń mú ńkọ́?

Ibà líle máa ń fa ṣúgà ọmọdé wálẹ̀, quinine sì tún lè fà á wálẹ̀ sí i. Nítorí náà, gìrì ọmọ tó ní ibà kì í ṣe ti ooru ara nìkan títí ẹ óò fi rí nọ́ńbà. Ìwọ̀n ìtọ́jú rẹ̀ ni omi ṣúgà 10%, 5 ml fún kílò kọ̀ọ̀kan: ọmọ kílò 12 yóò gba 60 ml. Bí 30% nìkan bá wà, ẹ da ìdá kan rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdá méjì omi abẹ́rẹ́: 20 ml pẹ̀lú 40 ml á di 60 ml omi 10%. Níbi tí iṣan kò bá tíì sí, ẹ fi omi ẹ̀kán kan tàbí méjì rin ṣíbí kékeré ṣúgà kan, ẹ fi sábẹ́ ahọ́n ọmọ náà, ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ sì tún un ṣe ní ìṣẹ́jú 20 síra.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣeé fi pamọ́. Àgbo gìrì tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe ṣì wà ní àwọn ilé wa, ó sì lè fa ṣúgà ọmọ wálẹ̀ débi tí gìrì yóò fi le sí i. Ẹ má ṣe bá ìyá àgbà jà. Ẹ bi í báyìí pé, «Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé e wá, kí ni ẹ ti fún un kí ẹ tó dé?» Ẹni tí a bá bú kì í sọ òótọ́, òótọ́ yẹn sì ni ọmọ náà nílò.

Àwọn aláàwẹ̀ ń béèrè bóyá kí àwọn já ààwẹ̀. Kí ni kí n sọ?

Àjàṣẹ́ kún fún Mùsùlùmí, àwọn ìjọ aláṣọ funfun náà sì ń gba ààwẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé bí ṣúgà bá lọ sísàlẹ̀ 0,70 tàbí tó kọjá 3 g/L, kí wọ́n já a lójú ẹsẹ̀, àti pé gígún ìka kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìrọ̀lẹ́, kí ìṣínu tó dé, ni a máa ń gba àwọn tó dákú jù.

Kí ni àmì ṣúgà tó ga débi tí ẹ̀jẹ̀ fi kan, èyí tí Faransé ń pè ní acidocétose?

Níbi tí ínsúlíìnì kò bá sí, ara kò lè lo ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, á wá máa jó ọ̀rá dípò rẹ̀, èérí ọ̀rá náà á sì mú ẹ̀jẹ̀ kan bí ọtí kíkan. Òǹgbẹ á máa gbẹ aláìsàn, á máa tọ̀ ṣáá, á rù, á máa bì, inú á máa run ún. Èémí rẹ̀ á jinlẹ̀, á sì yára, bí ẹni tó sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ á máa rùn bí èso tó pọ́n jù. Nítorí èébì, wọ́n á pè é ní ibà; nítorí inú rírun, wọ́n lè fẹ́ là á níkùn; nítorí èémí, wọ́n á pè é ní ikọ́ fée.

Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá láti agbègbè Kétu, kò tíì pé ogún ọdún. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti ń tọ́jú ibà rẹ̀ níbì kan, quinine nínú omi ṣúgà ni wọ́n sì ń fà sí i lára. Kò burú pé wọ́n rò pé ibà ni, nítorí ibà ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ohun tó burú ni pé ẹnikẹ́ni kò gún ìka rẹ̀ kí wọ́n tó gbé omi ṣúgà kọ́. Ẹ̀rọ wa kọ HI. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ní, «Ó tó oṣù kan tí èèrà ti ń ṣùrù bo ibi tó bá tọ̀ sí.» Àwọn àgbà wa mọ àmì èèrà yẹn, àtọ̀gbẹ ni wọ́n fi ń mọ̀. Àwa tó wọ aṣọ funfun ni a kò béèrè.

Ohun tó ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni ṣúgà tó kọjá 2,5 g/L, àmì kẹ́tóònù (èérí ọ̀rá yẹn) 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtọ̀, àti pH (òṣùwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó) tó lọ sísàlẹ̀ 7,3 níbi tí a bá ti lè wọ̀n ọ́n. Ẹ mọ̀ pé ṣúgà lè má ga púpọ̀ lára aboyún, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti kan.

Ínsúlíìnì ni kí n kọ́kọ́ fún un, àbí omi?

Omi. Omi iyọ̀ 0,9%, lítà 1 láàárín wákàtí àkọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ dára. Omi nìkan ti ń fa ṣúgà wálẹ̀, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín. Kí ínsúlíìnì tó wọlé, ẹ wádìí potásíọ́ọ̀mù, irú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kan. Ínsúlíìnì máa ń ti potásíọ́ọ̀mù láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ó bá ti kéré tẹ́lẹ̀, ọkàn lè dúró lọ́wọ́ yín. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 3,3 mmol/L, ẹ dá ínsúlíìnì dúró, kí ẹ kọ́kọ́ dá potásíọ́ọ̀mù padà. Láti 3,3 sí 5,3, ẹ fi 20 sí 30 mmol sí lítà omi kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1,5 sí 2 potassium chloride, bí ó bá ń tọ̀. Ẹ má ṣe ti potásíọ́ọ̀mù tààrà sí iṣan láé; inú omi tó ń kán ni àyè rẹ̀.

Ínsúlíìnì tó ń yára ṣiṣẹ́ ni à ń lò, yúníìtì 0,1 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan: ẹni kílò 50 yóò gba yúníìtì 5. Nínú mílílítà kan, yúníìtì 100 ló wà, nítorí náà síríńjì ínsúlíìnì ni kí ẹ fi fà á; ẹni tó bá fi síríńjì mìíràn fojú díwọ̀n rẹ̀ lè fi ìlọ́po mẹ́wàá pa ènìyàn. Ẹ máa wọn ṣúgà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ fẹ́ kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ ní 0,5 sí 0,7 g/L ní wákàtí kan. Nígbà tó bá dé nǹkan bíi 2,5, ẹ fi omi ṣúgà 5% kún un, ẹ má sì dá ínsúlíìnì dúró. Ibí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì mí gbọ́ jù. Wọ́n á ní, «Ṣúgà ti wálẹ̀, kí la tún ń fi ínsúlíìnì ṣe?» Ẹ̀jẹ̀ tó kan ni à ń tọ́jú, ṣúgà kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Fún ọmọdé, ẹ má ṣe ti ínsúlíìnì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì jẹ́ kí omi ti ń wọlé fún wákàtí kan kí ínsúlíìnì tó bẹ̀rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí ó ń sùn jù, tí ìlù ọkàn rẹ̀ sì ń falẹ̀, ọpọlọ ló ń wú: ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ pe dókítà nísinsìnyí.

Kò sí ẹ̀rọ tí ń ta ínsúlíìnì díẹ̀díẹ̀, kò sì sí àyẹ̀wò potásíọ́ọ̀mù lálẹ́. Kí la lè ṣe?

Omi iyọ̀ wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ ka ìtọ̀ rẹ̀, ẹ ya àwòrán ìlù ọkàn bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà, nítorí pé potásíọ́ọ̀mù tó kéré tàbí tó pọ̀ máa ń kọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Níbi tí dókítà bá ti gbà á, a lè gún ínsúlíìnì kan náà sínú ẹran ara ní wákàtí wákàtí, ní ìwọ̀n 0,1 yẹn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ fi omi bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ibi tó ní ilé àyẹ̀wò.

Àgbàlagbà tí ṣúgà rẹ̀ kọjá 6 g/L, tí èémí rẹ̀ kò sì jinlẹ̀ ńkọ́?

Gbígbẹ ni tirẹ̀. Ọjọ́ púpọ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ ló fi ń gbẹ, lítà omi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè ti lọ lára rẹ̀, ará ilé á sì rò pé arúgbó ló ń rẹ̀ ẹ́. Omi iyọ̀ ni oògùn àkọ́kọ́, ínsúlíìnì á dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n tó kéré. Ẹ wá ohun tó fà á: ẹ tẹ́tí sí àyà rẹ̀, ẹ wo ìtọ̀, ẹ sì ya àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí egbò tí ẹnikẹ́ni kò rí níbẹ̀ ni mo ti bá lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí ló pa ìpara ìbóra pọ̀ mọ́ pàjáwìrì?

Kókó méjì tó jókòó lórí kíndìnrín ló ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, èyí tí kò jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wó nígbà ìnira. Ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń bóra ní clobetasol nínú, àwọn kan sì ń gbé dexamethasone mì láti sanra; oògùn tó ń ṣe bíi kọ́tísọ́ọ̀lù ni àwọn méjèèjì. Tí oògùn wọ̀nyí bá ń wọlé lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, kókó náà á sùn. Ọjọ́ tí owó ìpara bá tán, tàbí tí ibà, ìbímọ tàbí iṣẹ́ abẹ dé, ara á pe kọ́tísọ́ọ̀lù, kò sì ní sí ẹni tó dáhùn. Aláìsàn á máa bì, inú á máa run ún, àárẹ̀ á mú un débi tí kò ní lè gbé orí, ìfúnpá rẹ̀ á wó, omi tí ẹ fà sí i kò sì ní gbé e dìde. Ṣúgà rẹ̀ náà lè já, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì kéré.

Thomas Addison, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé àìsàn kókó yìí ní ọdún 1855, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sì wà lára ohun tó ń bà á jẹ́ jù nígbà náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Nínú irú rẹ̀ yẹn, ara á dúdú sí i. Lára adúláwọ̀, ẹ wo ìlà àtẹ́lẹwọ́, erìgì àti ahọ́n. Lára ẹni tó ń bóra, ojú tó wú rọ̀bọ̀tọ̀, awọ tó fẹ́lẹ́ tí iṣan hàn nínú rẹ̀, àti oríkèé ìka tó dúdú nígbà tí ọwọ́ pupa ni ẹ óò rí.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le: hydrocortisone (kọ́tísọ́ọ̀lù tí a fi ṣe oògùn) 100 mg sí iṣan tàbí sínú ẹran ara, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró de èsì àyẹ̀wò. Omi iyọ̀ lítà 1 láàárín wákàtí àkọ́kọ́, omi ṣúgà bí ṣúgà bá já, lẹ́yìn náà 50 mg ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tí kò nílò rẹ̀, tí ẹ fún ní 100 mg ẹ̀ẹ̀kan, kò ní fara pa. Ẹni tó nílò rẹ̀ tí ẹ kò fún lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Obìnrin kì í fẹ́ jẹ́wọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun ń bóra. Ẹ fa aṣọ ìdábùú, ẹ ní kí àwọn ènìyàn jáde, kí ẹ tó bi í. Ẹ má sì sọ pé kí ó jù ú nù lónìí. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń já a, pẹ̀lú ìtọ́ni dókítà.

Ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ dé pẹ̀lú ibà gbígbóná, ó sì ń ṣe bí wèrè. Kí ni kí n rò?

Ẹ rò pé họ́mọ́ọ̀nù kókó ọrùn ló bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ooru ara lè dé 40, ìlù ọkàn lè kọjá 140, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú lè yọ síta, á máa yàgbẹ́, kò sì ní lè jókòó sójú kan. Ó sábà jẹ́ pé ó dá oògùn rẹ̀ dúró, tàbí pé àìsàn mìíràn tàbí ìbímọ ló tì í. Láti ọdún 1993 ni àwọn dókítà ti ń lo òṣùwọ̀n Burch àti Wartofsky, tó ń fún àmì kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Máàkì 45 sókè fi hàn pé òun ni.

Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ara rẹ̀, paracetamol ni kí ẹ fún un, kì í ṣe aspirin, nítorí pé aspirin máa ń tú họ́mọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Dókítà yóò pàṣẹ propranolol, bí kò bá ní ikọ́ fée, pẹ̀lú carbimazole tàbí propylthiouracil, tí kì í jẹ́ kí kókó ọrùn ṣe họ́mọ́ọ̀nù mọ́, àti hydrocortisone. Ibi tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì ti ṣe pàtàkì ni ètò wọn: bí dókítà bá pàṣẹ àyódíìnì pẹ̀lú, kò gbọ́dọ̀ ṣáájú, ó kéré tán wákàtí kan lẹ́yìn carbimazole tàbí propylthiouracil ni kí ó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe ni a fi igi kún iná.

Òdìkejì rẹ̀ ńkọ́, níbi tí họ́mọ́ọ̀nù kókó ọrùn ti tán?

Ó ṣọ̀wọ́n. Ìyá àgbà ni ó sábà máa ń jẹ́: ara tútù, ìlù ọkàn falẹ̀, ojú wú, oorun tí kò ṣeé jí. Hydrocortisone ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí levothyroxine (họ́mọ́ọ̀nù kókó ọrùn tí a fi ṣe oògùn) tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ má ṣe fi ìgò omi gbígbóná tì í lára, nítorí iṣan á ṣí lójijì, ìfúnpá á sì wó.

Kí ni kí n ṣe kí ọkọ̀ tó gbé aláìsàn kúrò ní Kétu lọ sí Pobẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́, tàbí kúrò ní abúlé kan ní Ṣábẹ?

Kí iṣan tó dájú wà, kí ẹ sì fi báńdéèjì dì í, nítorí ọ̀nà máa ń gbọ̀n. Kí ṣúgà rẹ̀ ti gòkè kúrò nínú ewu kí ọkọ̀ tó gbéra. A kì í gbé ẹni tí ṣúgà rẹ̀ já sí ojú ọ̀nà pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò tọ́jú rẹ̀ níbi tó ń lọ. Bí ẹ bá fura sí kókó orí kíndìnrín, kí hydrocortisone ti wọlé níbẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kan bá a lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà àti omi ṣúgà, kí ó máa wọ̀n ọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú síra.

Nínú lẹ́tà, ẹ kọ aago, nọ́ńbà ṣúgà pẹ̀lú g/L lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oògùn tí ẹ fún un, iye rẹ̀, àti ohun tí ó ti mu nílé. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ní agogo méjì òru, èmi tí mo gba aláìsàn náà yóò fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan péré, pé èló ni ṣúgà rẹ̀ kí ẹ tó gbé omi àkọ́kọ́ kọ́.